Ẹni Tí Ilẹ̀kùn Ń Dúró Dè

"Wọ́n ní ilẹ̀kùn yẹn, bí omi bá ti ń gòkè báyìí..."

"Ẹn-ẹn, á tì dé ìdajì, á wá..."

"Á dúró ni. Ìṣẹ́jú méje gbáko. Wọ́n ní obìnrin kan ni, èyí tí òkun..."

"Ẹ má sọ ọ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé èmi ni mo ń sọ ọ́? Wọ́n ní ó ń ké nínú gíláàsì wọn pé ẹ má tì í, ẹ má tì í, mo ń..."

Ọ̀rọ̀ gé mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn obìnrin oníyọ̀ tó tò sí ìdí Odi tó ń dá òkun dúró ti rí Arínpé tó ń bọ̀, àpò rẹ̀ ní èjìká. Ọ̀kan tún ìborùn ṣe, òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin màmá." Arínpé kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìró omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.

"Káàárọ̀, ọmọ wa. Màmá Àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà."

"Aago mélòó ni omi òní?"

"Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ níta."

Ẹ̀yìn wọn ni Bàbá Súnmọ́nù apakàn ti sọ̀rọ̀, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó rọ ń tẹ̀lé e bí aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ má pẹ́. Ní tèmi, èmi àti ìyàwó mi tó wà nínú ilẹ̀kùn ti jọ ṣe àdéhùn. Kò lè tì nígbà tí n kò tíì dé."

"Ìyàwó tó ti kú! Ojú ò tilẹ̀ tì yín, Bàbá Súnmọ́nù."

"Ó kú lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi kánjú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò gbéra nílẹ̀ dáadáa. Òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá náà sọ. Ojoojúmọ́ ni òun máa ń kẹ́yìn. Ilẹ̀kùn á ti tì dé ìdajì, á ti dúró, ìṣẹ́jú mẹ́fà á ti lọ, kí ọ̀pá rẹ̀ tó dún lórí afárá pákó. Ilẹ̀kùn á sì dúró dè é. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, tí kò tilẹ̀ jáde, tí gbogbo ènìyàn ti wọlé tán, tí kò sí ẹran, tí kò sí ẹyẹ lórí iyanrìn, ilẹ̀kùn ṣì ń dúró. Ohun tó ń lé àwọn ará Etí-Odi sá wọ inú ilé nìyẹn bí aago omi bá ti dún. Ta ló fẹ́ wo ilẹ̀kùn irin tó ga tó ilé mẹ́ta, tó ṣí ẹnu sílẹ̀ fún òfìfo?

Káṣìmawò ló pàdé Arínpé lẹ́nu ọ̀nà òfíìsì. Òun àti Arínpé ni wọ́n jọ ń ṣọ́ kóòdù ilẹ̀kùn náà. Lọ́jọ́ gbogbo, àwàdà ló fi ń kí i. Tòní kò rí bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti dé."

"Àwọn wo?"

"Ilé Orírun. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n rán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ti èèyàn mẹ́wàá. Má jẹ́ kó gbọ́ pé mo wí bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà, tí Ilé Orírun rán wá wádìí ibi tí ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan ti wá, ń jẹ́ Kúforíjì. Ó gùn, ó gbẹ, ó sì ti jókòó síwájú wàláà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Wàláà náà fẹ̀ tó ẹní, gíláàsì ni, ó sì gbára lé ògiri. Lára rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń darí ilẹ̀kùn wà. Dúdú ni èyí tí àwọn aṣọ́lẹ̀kùn fúnra wọn kọ. Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní àwọ̀ aró. Bí ènìyàn bá sì gbé ìka lé ọ̀kan nínú àwọn aláró wọ̀nyí, á gbọ́ ohùn àwọn tó fi lé ara wọn lọ́wọ́, láti orí ẹni tó kọ ọ́ títí dórí ẹni tó gbé e wọ ìlú.

Kúforíjì gbé ìka lé ọ̀kan.

"Èmi Tẹ̀lá, ará Ìṣẹ́yìn, èmi ni mo kọ èyí." Ohùn ọkùnrin ni, ó dún bí ẹni tó ń jẹ orógbó lọ́wọ́. Ohùn kejì tẹ̀ lé e: "Èmi Ògúnrìndé, mo gba èyí lọ́wọ́ Tẹ̀lá." Ẹ̀kẹta: "Mo gba èyí lọ́wọ́ Ògúnrìndé."

"Ó dáa," Kúforíjì wí. Ó ń bá a lọ báyìí, láti ìlà dé ìlà, títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Arínpé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi etí lé ohùn àwọn tí òun kò rí rí. Kò lọ sí ilé ìwé kankan. Ilé ni Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ti kọ́ ọ, lórí wàláà àlòkù kan tó sán. Ohun àkọ́kọ́ tó sì kọ́ ọ ni pé kó máa gbọ́ ohùn ẹni kó tó gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìka Kúforíjì dúró. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe dúdú, tí kì í ṣe aró. Àwọ̀ eérú ni. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni *dúró-de-ẹsẹ̀*.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìró omi ló kọ́kọ́ jáde, omi púpọ̀, àti afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan, tó ń mí gulegule.

"Hẹ̀n. Mo gba èyí lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ó parí. Wàláà wá fi ohùn tirẹ̀ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú wí pé: "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìlú. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kò dárúkọ ara rẹ̀. Orírun kò sí."

Káṣìmawò ń wo Arínpé. Ẹnu rẹ̀ ya díẹ̀. "Ohùn rẹ nìyẹn," ó wí.

"Kì í ṣe èmi."

"Mo ní ohùn rẹ nìyẹn, Arínpé!"

"Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí ohùn náà ti wà níbẹ̀," Kúforíjì wí láìyí ojú. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́tàlélógún, sà."

"Kì í ṣe ìwọ nìyẹn." Ó fi ìka kan fa ìlà náà gbòòrò. "Sún mọ́bí. Sọ ohun tó ń ṣe fún mi."

Arínpé kà á. Ó ti ń kà á láti ọdún méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù kò jẹ́ kó gbé ìka lé e rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í. "Ó ń ka ẹsẹ̀ àwọn tó jáde, sà. Ó ń ka ti àwọn tó wọlé. Bí ti ìta bá ṣẹ́kù, á ní kí ilẹ̀kùn dúró. Bó bá pé ìṣẹ́jú méje, omi á ti dé ẹnu afárá, kò lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kò jáde, ènìyàn mélòó ló ní ó wà níta?"

Arínpé tẹ ibì kan. Nọ́ńbà kan yọ jáde.

"Ẹnìkan, sà."

"Láti ìgbà wo?"

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ọdún mọ́kànlélógójì. Àwọn méje jáde lọ́jọ́ kan, mẹ́fà wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti ń gòkè, ìlà yìí á ka gbogbo ẹsẹ̀ tán, á rí i pé ó ku ẹsẹ̀ ẹnìkan, á sì dúró.

"Kí ni òfin wí?" Kúforíjì bi í.

"Ìlà tí a kò bá mọ ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún ohun tí ẹ̀mí so mọ́."

"O mọ ìdí?"

"Ọdún Èémí, sà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń mí fún àwọn aláìsàn. Ìlà kan wà nínú wọn tí kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Ó dákẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ẹ̀rọ sì bá a dákẹ́."

"Ìyá mi wà lórí ọ̀kan." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye aago. "Nítorí náà, má rò pé mo wá fi ìyà jẹ yín. Ìwọ ni orúkọ rẹ wà lórí ilẹ̀kùn yìí. Ọwọ́ rẹ ni yóò pa ìlà náà rẹ́, kí omi òní tó gòkè."

"Bàbá Súnmọ́nù ńkọ́?" Káṣìmawò wí.

"Ta ni Súnmọ́nù?"

"Arọ kan ni, sà, ó ń pa akàn. Àárín ìṣẹ́jú méje yẹn ló máa ń wọlé."

"Kó tètè máa bọ̀." Ṣùgbọ́n ó gbé ojú kúrò lára wọn bó ti ń sọ ọ́.

Arínpé tọ́ka sí ìlà eérú náà. "Tí a bá mọ ẹni tó gbé e wọlé ńkọ́, sà?"

"Ẹni tó bá gbé ìlà aláìnílé wọ ìlú, ẹ̀yìn odi ni yóò máa gbé. Kò sí ti pé ó ti darúgbó. Kí ló dé? O mọ̀ ọ́n?"

Hẹ̀n. Ìmí kékeré yẹn, kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́njú ló ti ń gbọ́ ọ, kí Màmá Àgbà tó kí ènìyàn, kó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kó tó pè é wá jẹun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ délé, kí n sì padà."

Kúforíjì wo aago. "Aago méjì ti lù. Kí o rí i pé o padà dé kí omi tó gòkè."

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbà lọ sílé, Arínpé dì mọ́ àpò rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Á padà, á gbé ìka lé ìlà eérú náà, á pa á rẹ́, Màmá Àgbà á sì máa jẹun lórí ìjókòó rẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Bàbá Súnmọ́nù á dé afárá ní ìṣẹ́jú kẹfà, á bá irin. Bí òun bá sì sọ̀rọ̀, ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún lè lọ sùn sí orí iyanrìn tútù, níbi tí omi ti ń dé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó ro ó títí ọkọ̀ fi kan èbúté. Kò rí ibi tó dáa níbẹ̀.

Màmá Àgbà jókòó sójú fèrèsé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"O ti tètè dé lónìí. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, mà." Arínpé kúnlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ó ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ sì fọ́n ká. Ẹyọ kan ló kù sí i lẹ́nu. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ọwọ́ Màmá Àgbà dúró nínú àwo. Ẹ̀wà kan bọ́, ó ń yí lọ lórí ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò ó títí ó fi dúró.

"Ta ló pe orúkọ yẹn sí ọ létí?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Nínú wàláà."

"Hẹ̀n," Màmá Àgbà wí, ó sì tún ki ọwọ́ bọ inú àwo.

Ẹ̀wà náà ló ń bá sọ̀rọ̀. "Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé Láṣebìkan, àbúrò ọkọ mi obìnrin ṣì ń gbé ilé. Ó tín-ín-rín, o lè gbá a mú lọ́wọ́ kan. Mo sì sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, o mọ̀. Àní èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti dé, èmi ni mo wá orúkọ tí mo ń pè é. 'Ìyàwó wa' lòun náà ń pè mí. Á ní ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣa iyọ̀ náà wálé!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Arínpé kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀rín ọmọdébìnrin ni.

"Bó bá ń ṣa iyọ̀, wàláà kékeré á wà lórí itan rẹ̀. Ó ń kọ kóòdù bí ẹni tó ń hun irun. Nígbà náà, ilẹ̀kùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Aago lù, ó tì, ó parí. Ó máa ń wí pé ilẹ̀kùn tí kò létí kì í ṣe ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, omi dé kí àkókò rẹ̀ tó tó. Aṣọ́lẹ̀kùn rí i, ó sá. Èmi, iṣẹ́ mi ni kí n máa nu iyọ̀ kúrò lára gíláàsì. Èmi nìkan ló kù síbẹ̀, pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ohùn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba inú gíláàsì wọlé láti ìta. Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ìlà náà sì dé lórí gíláàsì lójú mi."

"Ẹ wá fi sí i."

"Mo fi ọwọ́ tí n kò gbọdọ̀ fi kàn án kàn án. Wàláà bi mí pé lọ́wọ́ ta ni mo ti gbà á. Mo wí ohun tí mò ń pè é."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kò dárúkọ wọn gan-an?"

"Ìyàwó ni mí. Ahọ́n mi kò gba ibẹ̀ kọjá rí." Ó mú ẹ̀wà tó bọ́ sílẹ̀, ó dá a padà sínú àwo. "Nígbà tó yá, mo lè wí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá wí i, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tó kú. Bí n kò bá wí i, ilẹ̀kùn á ṣì máa dúró dè é. Lójoojúmọ́, bí mo bá jókòó síbí yìí, mo máa ń gbọ́ bó ṣe dúró. Mo máa ń bá a dúró."

Arínpé sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà: Kúforíjì, òfin, ẹ̀yìn odi, ọwọ́ tirẹ̀ tí wọ́n ní kó fi pa ìlà náà rẹ́, àti arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Omijé gba ojú rẹ̀. Kò nu ún.

"Ìṣẹ́jú kẹfà ni bàbá náà máa ń dé, o ní?"

"Lójoojúmọ́, mà."

Màmá Àgbà gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀. "Mú ìborùn mi wá."

Aago omi ti ń dún nígbà tí wọ́n wọ òfíìsì. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí àwọn oníyọ̀ tí wọ́n ń rọ́ wọlé, agbọ̀n lórí, igbe lẹ́nu. Kúforíjì dìde nígbà tó rí arúgbó náà, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé pé iṣẹ́ ìjọba lòun wá ṣe.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Èmi lo ń wá."

Ó jókòó. Ó gbé ìka rẹ̀ tó ti hunjọ lé ìlà eérú. Omi, afẹ́fẹ́, ìmí. *Hẹ̀n. Mo gba èyí lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.* Màmá Àgbà tẹ́tí sí ara rẹ̀.

"Orírun kò sí," wàláà wí.

"Ó wà," Màmá Àgbà dá a lóhùn. Ó ya ẹnu, ó pa á dé. Ó tún yà á, bí ẹni tó fẹ́ pọ ohun gbígbóná. "Hẹ̀n. Èmi Adéọtí, ìyàwó ilé Láṣebìkan, mo gba èyí lọ́wọ́... lọ́wọ́ Ewatómi."

"Ewatómi Láṣebìkan," wàláà wí. "Ó wà nínú ìwé ìlú. Ó jáde. Kò wọlé."

Díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n rì sínú ìkòkò, eérú náà mu aró.

Kúforíjì wò ó pẹ́. "Ìlà yìí nílé," ó wí níkẹyìn. "Nígbà tó ti nílé, n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi bá ẹ̀yin jà, mà. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnìkan níta nínú òǹkà. N kò lè fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó máa ka ẹni tí kò sí. Nígbà tó fún yín, kí ló wí? Ṣé ó ní kí a dúró de òun?"

Nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Irin ń lọ irin. Ó dé ìdajì. Ó dúró. Nọ́ńbà tó wà lára wàláà jẹ́ méjì: ẹnìkan tó ń bọ̀, àti ẹnìkan tí kò bọ̀ mọ́.

Màmá Àgbà yí sí Arínpé. Ó na ọwọ́, ó fa orí Arínpé mọ́ra, ó sì sọ ọ́ sí i létí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Ó tú u sílẹ̀. "Ìwọ ni kó o wí i," ó ní. "Bó ṣe wí i gẹ́lẹ́. Má fi tìrẹ kún un."

Láti ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin oníyọ̀ ti rí wọn lójú fèrèsé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò sá wọlé. "Arínpé!" ọ̀kan pariwo sókè. "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀! Òkú yẹn, kí ló tilẹ̀ ń wí?"

Lórí afárá, ọ̀pá Bàbá Súnmọ́nù ń dún. Kò, kò, kò. Omi ti ń lá ẹ̀gbẹ́ pákó. Arínpé ń wò ó bó ṣe ń bọ̀, agbọ̀n akàn lọ́rùn, títí ó fi gba àárín irin méjì kọjá, tí nọ́ńbà sì sọ̀kalẹ̀ di ọ̀kan. Ó gbé ìka ọ̀tún lé ọ̀kan náà, láti pa á rẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo Etí-Odi, ẹ̀rọ tí kò lò rí láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́, nítorí ojú ń tì í.

"Kò ké," ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ kan Odi, ó sì padà wá bá a, àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀ sì gbé orí sókè bí ẹni tó ti gbọ́ ohùn náà rí. "Ewatómi lorúkọ wọn, wọn kò sì ké. Ohun tí wọ́n wí nìyí: 'Ìyàwó wa, fi ìlà yìí sí i, má bẹ̀rù. Arúgbó méjì wà lẹ́yìn tí wọn kò lè sáré, mò ń padà lọ mú wọn. Ẹni tó o bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, dúró dè é. Bí o kò bá gbọ́ tèmi mọ́, tì í. Má dúró dè mí.'"